Ogún tàbí Ogun? Àyẹ̀wò Ìrọ̀lẹ́ Ewì Kan ní Àkúrẹ́

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ọdún Iléyá, mo san ₦3,000 láti wọ gbọ̀ngàn kékeré kan tó wà lókè ilé ìtàwé ní agbègbè Alágbàka, níbi tí wọ́n ti máa ń ka ewì fún ará ìlú lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kókó tí wọ́n yàn fún ti oṣù yìí ni ìrẹ́pọ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́sìn tó ń pe Ábúráhámù ní baba. Wọ́n kọ ọ́ sára ìwé ìpolówó pé a ó gbọ́ ewì láti Jérúsálẹ́mù, láti Gálílì, láti ilẹ̀ Spéìn ayé àtijọ́, a ó sì gbọ́ ti àwọn akéwì Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí ni kí n sọ bí owó náà ṣe lérè tó, kí ẹni tó bá ń ronú àtilọ ní oṣù tó ń bọ̀ lè mọ ohun tó ń lọ bá. N kò ní dárúkọ ilé ìtàwé náà, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn lẹ́nu, àwọn tó ni ín sì jẹ́ ẹni tí a jọ ń kí ara wa láràárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìjókòó àti ìtọ́jú kúrò lọ́nà. Aago mẹ́rin ni wọ́n dá, ó sì ti lé ní aago márùn-ún kí ẹni àkọ́kọ́ tó bọ́ síwájú. Àga oníke ni a jókòó lé, ó kárí gbogbo wa, a ó sì tó ọgọ́ta níbẹ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ariwo rẹ̀ sì ń gba ojú fèrèsé apá ọ̀tún wọlé débi pé àwọn tó jókòó síbẹ̀ kò lè gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kà. Nígbà tí òjò tún dé, tó ń lu páànù, gbogbo wa di ẹni tó ń na ọrùn. Sóbò tútù àti mọ́ínmọ́ín ewé wà nínú owó ìwọlé, mọ́ínmọ́ín náà sì dára ju bí mo ti rò lọ. Ohun tí mo gbọ́dọ̀ yìn wọ́n fún ni pé nígbà tí àkókò ìrun Mọ̀gáríbì tó, wọ́n dá ewì dúró, wọ́n ti tẹ́ ẹní sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n sì ti bu omi sí bútà sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Pásítọ̀ kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ṣí agboòrùn rẹ̀ bo bàbá Alhaji kan títí dé ibi tí bútà wà. Nínú ètò tó ń sọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀, irú nǹkan báyìí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, kí n tó tẹ́tí sí ewì.

Ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń tà ní ₦1,500, olójú ewé 28, tí wọ́n kó gbogbo ewì ìrọ̀lẹ́ náà sí ní èdè Yorùbá. Bébà rẹ̀ dára, lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó ojú àgbàlagbà, àwọn tó sì túmọ̀ àwọn ewì òkèèrè mọ Yorùbá dójú àmì. Ibi tí mo ti gbọ́ òórùn èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀ kò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò fi àmì ohùn sí i. Wọ́n fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà tó yẹ, wọ́n wá fi orí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìpolówó ọṣẹ ni, ẹni tó ń kà á yóò fi òye gbé e. Ewì kò gba bẹ́ẹ̀, pàápàá ewì tó dá lórí baba kan, ilẹ̀ kan, àti àwọn ọmọ tó ń du ilẹ̀ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí irú ewì bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kó má lò ni ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́rin kan: o, g, u, n. Bí o bá gbé ohùn sókè ní ìparí rẹ̀, ohun tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ ni; bí o bá pè é ní ohùn àárín pọnbélé, ìjà ni. Mo ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ yọ nínú ìwé náà, ó jẹ́ mọ́kànlélógún, kò sì sí ẹyọ kan tó ní àmì.

Ohun tí àìsí àmì yìí dá sílẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ewì kan wà tí olùkọ́ kan láti Oǹdó kọ, wọ́n sì fún ọ̀dọ́bìnrin kan kà, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ náà, ohùn rẹ̀ sì dùn. Gbólóhùn tó ń padà wá ní ìparí ìlà mẹ́rin mẹ́rin ni pé ogún baba wa kò tán. Ohun tí olùkọ́ náà ní lọ́kàn ni pé ohun tí Ábúráhámù fi sílẹ̀ pọ̀ tó gbogbo ọmọ í pín, kí a yéé jà bí ẹni pé ó fẹ́ tán. Ọmọ náà kà á sí wa létí pé ogun baba wa kò tán. Ó kà á bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo sì rí olùkọ́ náà, tó jókòó sí ìlà iwájú mi, tó na ọwọ́ sókè díẹ̀, tó sì tún rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìlà tó kù nínú ewì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀ méjì. Ibi tó ti sọ pé àwa ọmọ ni yóò pín in, ìjà ni a gbọ́ pé a ó pín. Ibi tó ti sọ pé àwọn ọmọ wa yóò bá a nílé, ìjà náà ni wọn yóò bá nílé. Ewì tó ti rọ̀ jù tẹ́lẹ̀ di ohun tó ní egungun nínú. N kò rò pé ẹni tó tẹ ìwé náà mọ̀ pé àìbìkítà òun ló fún wa ní ohun tó dára ṣìkejì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Èyí kò sì dín ẹ̀bi rẹ̀ kù.

Ilẹ̀ Spéìn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ yunifásítì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló sọ ìtàn rẹ̀ kí wọ́n tó kà á, ìtàn náà sì dáa. Ní sẹ́ńtúrì kẹwàá, ní ìlú Kọ́dóbà tó wà lábẹ́ àwọn Mùsùlùmí, Júù kan tó ń jẹ́ Dunash ben Labrat mú òṣùwọ̀n ewì Lárúbáwá, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn ìró inú ìlà ewì, ó sì fi ń kọ ewì ní èdè Hébérù, èdè Tórà, ìwé mímọ́ àwọn Júù. Àwọn Júù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bínú sí i pé ó ń ba èdè mímọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n àṣà náà borí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Samuel HaNagid dé, tí wọ́n bí ní ọdún 993, Júù tó di igbákejì ọba Mùsùlùmí ní ìlú Gìránádà, tó ń bá ọmọ ogun ọba náà lọ sójú ìjà, tó sì ń kọ ewì Hébérù lórí òṣùwọ̀n Lárúbáwá kan náà títí ó fi kú ní ọdún 1056. Lẹ́yìn ìtàn yìí ni olùkọ́ ilé kéwú kan dìde, tó ka ewì Ibn Arabi ní èdè Lárúbáwá láìwo ìwé. Ọmọ Spéìn ni Ibn Arabi náà, onímọ̀ àti akéwì Mùsùlùmí, ní Mọ́síà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1165, Dàmásíkù ló kú sí ní ọdún 1240. Ewì náà ń sọ bí ọkàn òun ṣe gba gbogbo àwòrán mọ́ra, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì, Kábà tó wà ní Mẹ́kà, àti wàláà Tórà pọ̀ mọ́ ọn. Bàbá kan tó wà lẹ́yìn mi béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ní ohùn tí gbogbo wa gbọ́, pé ṣé Mùsùlùmí ló kọ èyí lóòótọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kó dákẹ́, kó gbọ́.

Ohun tí olùbánisọ̀rọ̀ wa fò kọjá ni mo fẹ́ fi kún un. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn ikú Samuel HaNagid, ní ìparí ọdún 1066, àwọn ènìyàn Gìránádà dìde, wọ́n pa ọmọ rẹ̀ Joseph, tó jogún ipò baba rẹ̀, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ Júù ìlú náà pẹ̀lú. Ara ohun tí àwọn òpìtàn ń tọ́ka sí pé ó ru ìbínú sókè ni ewì kan ní èdè Lárúbáwá, tí akéwì kan kọ láti bú àwọn Júù àti láti ti ọba sí wọn. Ìyẹn ni pé òṣùwọ̀n tí Dunash fi kọ ewì Ọlọ́run, òun náà ni ẹlòmíràn fi pe ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ Spéìn àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ ìrẹ́pọ̀ fún wa ní Àkúrẹ́ kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́, nítorí pé bí ó bá fi í pamọ́, ẹni tó bá lọ kà á fúnra rẹ̀ yóò rò pé irọ́ ni gbogbo ìyókù.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé Yehuda Amichai, akéwì Júù tó ń kọ ní èdè Hébérù, àti Mahmoud Darwish, akéwì ará Palẹsítínì tó ń kọ ní èdè Lárúbáwá, sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìyàn yìí dára púpọ̀. Jámánì ni wọ́n bí Amichai sí, ní ìlú Wọ́síbọ́ọ̀gì ní ọdún 1924, ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Palẹsítínì nígbà tó ṣì kéré, ó ja ogun ọdún 1948 tó wáyé láàárín àwọn Júù àti àwọn Lárúbáwá, ó sì kú ní Jérúsálẹ́mù ní ọdún 2000. Abúlé al-Birwa ní Gálílì ni wọ́n bí Darwish sí ní ọdún 1941. Ogun ọdún 1948 kan náà ló lé ìdílé rẹ̀ kúrò níbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì fi padà, abúlé náà kò sí mọ́. Amẹ́ríkà ló kú sí ní ọdún 2008, Rámálà ni wọ́n sin ín sí. Ogun tí ọ̀kan jà nínú rẹ̀ ni èkejì sá fún ní ọmọdé.

Ewì Amichai tí wọ́n kà dá lórí Lárúbáwá darandaran kan tó ń wá ọmọ ewúrẹ́ rẹ̀ lórí Òkè Síónì, nígbà tí baba kan tó jẹ́ Júù ń wá ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré lórí òkè tó kọjú sí i, tí ohùn àwọn méjèèjì sì ń pàdé lórí àfonífojì. Ìyá àgbà kan tó ti ṣe olùkọ́ rí ló ka Yorùbá rẹ̀, ó sì kà á bí ẹni tó ti wá ọmọ rí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹran Iléyá tán ni, kò sí ẹni tó nílò àlàyé lórí baba, ọmọ àti ẹran ọ̀sìn tó sọnù láàárín òkè. Ti Darwish jẹ́ ewì ìfẹ́ sí ọmọbìnrin Júù kan, tí ìbọn dúró láàárín òun àti rẹ̀. Èyí mú kí àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀sùn mi kan lórí apá yìí ni pé wọ́n fún èdè Lárúbáwá ní ẹnu ènìyàn, tó ń mí, tó ń gun ohùn, tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Hébérù, inú fóònù ni wọ́n ti gbé e jáde, wọ́n sì fi fóònù náà sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí jẹnẹrétọ̀ ti ń bá a fà á. Mo mọ̀ pé ẹni tó gbọ́ Hébérù ṣọ̀wọ́n ní Àkúrẹ́. Síbẹ̀, bí a bá pe àlejò méjì sí oúnjẹ, tí a tẹ́ ẹní fún ọ̀kan, tí a sì ní kí èkejì dúró lẹ́nu ọ̀nà, a kò lè sọ pé ilé wa kò ní ojúsàájú.

Ibi tí mo fẹ́ dúró pẹ́ sí nìyí. Nínú ewì mẹ́sàn-án nínú ìwé náà, àwọn akéwì àti àwọn olùtumọ̀ wa kọ ọ́ pé ọmọ ìyá ni Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì, tàbí pé ọmọ ìyá ni àwọn tó ti ara wọn jáde wá. Irọ́ ni, gbogbo ẹni tó bá sì dàgbà sí agboolé Yorùbá mọ̀ pé irọ́ ni. Sárà ni ìyá Ísáákì. Hágárì ará Íjíbítì, tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní Hájárà, ni ìyá Íṣímáẹ́lì. Ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa ní fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ọbàkan. A kì í sọ pé ọmọ ìyá mi ni ọbàkan mi, bí ìfẹ́ ṣe lè pọ̀ tó láàárín wa, nítorí pé ọmọ ìyá ni ẹni tí a jọ mu ọmú kan, tí a jọ sùn sí yàrá kan, tí ìyá wa fi oúnjẹ tirẹ̀ bọ́. Ọbàkan ni ẹni tí ìyá tirẹ̀ ń wo ìyá tèmi. Nígbà tí baba bá kú, ọmọ ìyá á dúró lẹ́yìn ara wọn, ọbàkan á sì dojú kọ ara wọn lórí bí a ó ṣe pín ogún rẹ̀: ṣé ní ìdí igi ni, kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan mú ìpín kan fún àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí orí-ò-jorí, kí olúkúlùkù ọmọ gba tirẹ̀? Mélòó nínú ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà ní kóòtù lónìí ni kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yẹn?

Ìwé Jẹ́nẹ́sísì pàápàá mọ èyí. Ohun tí Sárà sọ fún Ábúráhámù ní orí 21 kò ní ìfẹ́ tàbí ìkórìíra nínú ní tààrà. Ó ní ọmọ ẹrúbìnrin yìí kò gbọdọ̀ bá ọmọ òun ṣe àrólé. Ọ̀rọ̀ ogún ni. Nítorí rẹ̀ ni Hágárì fi gbé ọmọ rẹ̀ rìn nínú aginjù tí omi fi tán lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn Mùsùlùmí fi ń rìn láàárín òkè Safa àti Marwa ní Mẹ́kà lónìí ní ìrántí bí ó ṣe sáré wá omi. Tí a bá wá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, tí a ń kọrin pé ọmọ ìyá ni wá, a ti pa Hágárì rẹ́ kúrò nínú ìtàn kí ilé lè tòrò. Èmi kò rí ìrẹ́pọ̀ nínú ìyẹn. Ohun tí ìyàálé máa ń fẹ́ ni.

Akéwì kan ṣoṣo ló lo ọbàkan, òun ló sì kéré jù lọ lọ́jọ́ orí nínú gbogbo wọn. Ìsìnkú Ábúráhámù ni ó fi ṣe ìdí ewì rẹ̀, ibi tí Jẹ́nẹ́sísì 25 ti sọ pé Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì, àwọn ọmọ rẹ̀, ni wọ́n sin ín sínú ihò Mákípẹ́là ní Hébúrónì. Bíbélì kò sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ níbẹ̀. Akéwì wa fi Ísáákì sọ̀rọ̀:

Aginjù ló mọ̀ ọ́, àgọ́ ló mọ̀ mí;
ìwọ gbé ẹsẹ̀ baba, èmi gbé orí.
Mo ti gbàgbé ojú rẹ, ọbàkan mi,
ṣùgbọ́n bí o ti ń bọ̀ lókèèrè,
mo rò pé baba ló jí tó ń rìn bọ̀ wá.

Èyí ni mo san owó fún. Ta ni nínú wa tí kò ní ọbàkan kan tó jẹ́ pé níbi ìsìnkú nìkan ni wọ́n ti ń rí ara wọn, tí yóò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tí gbogbo ilé yóò sì dákẹ́ nítorí pé ìrìn baba ló ń rìn? Akéwì náà kò sọ pé wọ́n dì mọ́ ara wọn. Kò sọ pé wọ́n jọ jẹun. Ó parí rẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń ti òkúta dí ẹnu ihò, tí ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ èkejì pé ìyá rẹ ńkọ́. Ó tún ṣe ohun kan tí mo fi mọ̀ pé ó ní ọgbọ́n: ó mẹ́nu ba ọjọ́ tí baba gbé ọbẹ sókè, kò sì sọ ọmọ tó wà lábẹ́ ọbẹ náà, nítorí pé Ísáákì ni Bíbélì pè é, ọ̀pọ̀ onímọ̀ Mùsùlùmí sì gbà pé Ìsìmáílà ni. Ó ní àwọn méjèèjì ni àpá rẹ̀ wà lọ́rùn wọn. Ẹni tó bá mọ̀ pé ibojì tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n pín sí mọ́ṣáláṣí àti sínágọ́gù lónìí, tí ọmọ ogun dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí ẹnì kan sì yìnbọn pa Mùsùlùmí 29 níbẹ̀ lórí ìrun ní oṣù Kejì ọdún 1994, yóò mọ ìdí tí ewì náà kò fi lè parí sórí ẹ̀rín.

Apá tiwa ló gùn jù, òun ló sì ní èyí tó rọ jù. Ewì bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà ló ń sọ pé kí a fẹ́ràn ara wa nítorí Ọlọ́run kan ló dá wa, mo sì lè sọ ìlà tó kàn kí akéwì tó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fò wọ́n. Babaláwo kan kọ ìyẹ̀rẹ̀, orin Ifá, láti inú Òtúrá Méjì, odù tí ẹsẹ Ifá ti máa ń sọ̀rọ̀ àwọn Ìmàle, ó sì yan èyí tó ní ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ nínú, tí àwọn Alhaji tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ. Àwọn ìyá mẹ́ta láti Ìsinkàn gbé àlámọ̀. Lẹ́yìn wọn ni olóòtú ètò wá ka òwe tí gbogbo wa mọ̀, pé ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan ni Ìgbàgbọ́ wọlé dé, ó sì ní ẹ̀rí rẹ̀ rè é pé Yorùbá kì í jà nítorí ẹ̀sìn. Mo fẹ́ kí ó tún òwe náà wò. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ilé ló ń kà, ẹni tó dé kẹ́yìn ni ó sì ń fi ọ̀sán gangan nà. Àríyànjiyàn lórí ta ni ẹ̀gbọ́n ni, ọ̀rọ̀ ọbàkan ni, ó kàn jẹ́ pé a fi orin sọ ọ́ ni kò fi ta wá lára.

Èyí tó yọ nínú ti apá yìí ni ewì kúkúrú kan lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn Ìgbàgbọ́ yá lọ́wọ́ Mùsùlùmí láìmọ̀. Akéwì náà kò wàásù. Ó kàn ń to ọ̀rọ̀: àdúrà, wàásù, àlùfáà, alùbáríkà, gbogbo wọn láti èdè Lárúbáwá, tí àwọn aládùúgbò wa ní òkè Ọya gbé kàn wá, tí wọ́n sì wà lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́ ní Ìjọ̀mú ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní bí òun bá ní kí a dá ọ̀rọ̀ onítọ̀hún padà fún un lónìí, àlùfáà yóò dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì ní mọ orúkọ ara rẹ̀. Pásítọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi pàtẹ́wọ́ títí.

Nígbà tí wọ́n ṣí àyè ìbéèrè sílẹ̀, obìnrin kan dìde, ó ní ọmọ Ọ̀wọ̀ ni òun, ó sì béèrè ìdí tí a fi gbọ́ nípa Hébúrónì àti Gálílì, tí kò sì sí ewì kan lórí ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, nígbà tí àwọn oníbọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Francis Mímọ́ ní ìlú òun, ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, tí wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní 40. Olóòtú ètò dá a lóhùn pé ìrọ̀lẹ́ ìrẹ́pọ̀ ni a wà, pé àwọn kò fẹ́ ohun tó lè mú ọgbẹ́ rú. Ó sì pe ẹni tó kàn. Mo rò pé ibẹ̀ ni ètò náà ti kùnà jù lọ, ju jẹnẹrétọ̀ àti àìsí àmì ohùn lọ. Bí ewì bá lè dúró lẹ́nu ihò Mákípẹ́là kó sì béèrè pé ìyá rẹ ńkọ́, ó yẹ kó lè rìn láti Àkúrẹ́ dé Ọ̀wọ̀. Obìnrin náà jókòó, ó gbé páàsì rẹ̀ lé ẹsẹ̀, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi túká.

Ṣé owó náà lérè? Fún ₦3,000, mo gbọ́ ewì ìsìnkú yẹn, mo gbọ́ Ibn Arabi lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n, mo sì jẹ mọ́ínmọ́ín. Ó lérè, mo sì ti sanwó ti oṣù tó ń bọ̀, tí wọ́n ní ìlú Oǹdó ni yóò ti wáyé. Ẹni tó bá ń ti ibòmíràn bọ̀ kó ronú ọkọ̀ ìpadàbọ̀ dáadáa, nítorí pé aago mẹ́jọ kọjá kí a tó jáde, àwọn ará Oǹdó sì ti dìde lọ láàárín àlámọ̀ kí ọkọ̀ má bàa tán. Ẹ jókòó sí apá òsì tí ẹ bá rí jẹnẹrétọ̀ ní apá ọ̀tún. Ìwé pẹlẹbẹ náà tó ó rà, kí ẹ kàn fúnra yín fi àmì sí i. Nínú ibi mọ́kànlélógún náà, mo ti ṣe tèmi nílé, àfi èyí tó wà ní ojú ewé 11, nínú ewì olùkọ́ Oǹdó, tí mo fi sílẹ̀ láìní àmì. Ẹ mú bíró dání.